Iléṣà sí Àbújá: Bí Ẹ Ṣe Lè Dé Láìsí Ẹsẹ̀ Wíwú àti Inú Rírun

Wákàtí 8 sí 11 ni ọkọ̀ èrò máa ń lò láti Iléṣà dé Àbújá, bí ọ̀nà bá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gbéra láti Ilé-Ifẹ̀ á fi nǹkan bíi 30 kìlómítà kún un. Ẹ lè gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, ẹ sì lè yà ní Ìwàràjà kí ẹ gba Ẹ̀fọ̀n àti Adó. Èyí tó wù kí ẹ gbà, ẹ ó kan Kàbà àti Lọ́kọ́ja níwájú. Ẹni tó ń lọ Kánò, bó bá dé Àbújá, ó ṣì ku nǹkan bí ìdajì ọ̀nà fún un.

Ohun tó ń ṣe èrò lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ á wú tí bàtà kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, ìbàdí á máa ro, orí á máa fọ́, inú á dà rú. Nǹkan mẹ́ta ló ń fà á jù: ìjókòó sójú kan, omi tí èèyàn kọ̀ tí kò mu nítorí ìbẹ̀rù ìtọ̀, àti oúnjẹ tó ti bàjẹ́ nínú kúlà kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n máa ń ki Ìjẹ̀ṣà pé kò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ṣe. Ohun tí ẹ kò bá mú nílé, ẹ má retí pé ẹ ó rí i láàárín Ọ̀wọ̀ sí Kàbà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó ku ọjọ́ kan

Bó bá jẹ́ òkè ọya lẹ ń lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹfà, àsìkò àrùn yírùnyírùn nìyẹn lọ́hùn-ún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún un. Ó máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14 kí ara tó lágbára láti bá àrùn náà jà, nítorí náà ẹ ti béèrè ibi tí wọ́n ti ń gún un nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó sanwó ọkọ̀. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú kí èèyàn tọ̀ léraléra. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè yí wákàtí tí ẹ ń lò ó padà lọ́jọ́ ìrìn àjò. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ẹ ka oògùn tí ẹ máa lò títí ẹ ó fi padà, kí ẹ sì fi ti ọjọ́ 3 lé e. Kì í ṣe àṣejù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omíyalé bo ọ̀nà ní Lọ́kọ́ja àti Koton Karfe, àwọn èrò sì há sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí oògùn rẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì níbẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ fi oògùn sínú páálí rẹ̀ tó ní orúkọ lára, kí ẹ sì gbé e sínú báàgì ọwọ́. Ẹ má fi sínú bùtù, torí bùtù máa ń gbóná. Tí wọ́n bá sì to iṣu àti àpò gàárì lé báàgì yín lórí, ẹ kò ní rí i mú títí ẹ ó fi dé.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó yẹ kó wà nínú báàgì ọwọ́ kan náà: parasitamọ́ọ̀lù 500 mg (àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24), ORS (ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mómi fún ẹni tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru) ọ̀rá 4, ọṣẹ kékeré kan, bébà ìnuwọ́, ọ̀rá dúdú tí kò jò márùn-ún, ìbòmú, aṣọ òtútù kan, àti ìró kan tó fẹ̀. Ìró yìí máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ẹ di ẹrù ní ọ̀sán. Ẹni tó bá ń di ẹrù títí di aago kan òru, tó wá jí ní aago mẹ́rin, ti rẹ̀ kó tó dé gáréèjì. Ara tí kò sùn ni èébì àti orí fífọ́ máa ń tètè mú.

Ìjókòó

Ẹ tètè dé gáréèjì kí ẹ lè yan ìjókòó. Nínú bọ́ọ̀sì eléèrò 14 tàbí 18, ìlà tó wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni ọkọ̀ kì í ti í gbọ̀n púpọ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ni gbogbo kòtò ojú ọ̀nà máa ń gbé èèyàn fò sókè. Ìjókòó kékeré tí wọ́n ń tẹ́ sí ojú ọ̀nà àárín kì í sábà ní ibi tí ẹ̀yìn lè fara tì dáadáa. Ẹni tí ìbàdí ń dùn kó má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ bá a dín owó. Ẹ wá ìjókòó tó ní bẹ́líìtì tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fà á wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ti báàgì Ghana-must-go sábẹ́ ìjókòó iwájú, kí èèyàn wá gbé ẹsẹ̀ lé e lórí. Ńṣe ni orúnkún á ká dé àyà, ẹsẹ̀ kò sì ní ráyè nà. Níbẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ ti ń há. Bí wọ́n bá ti gbé ẹrù síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò kí ọkọ̀ tó kún, nítorí bó bá ti kún tán, kò sí ẹni tó máa dá yín lóhùn.

Ìbàdí ni ìró náà kọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́ fún. Ẹ ká a sí méjì lóòró, kí ẹ wá yí i bíi ìgbà tí èèyàn ń yí ẹní, títí á fi nípọn tó ọwọ́ tí ẹ di. Ẹ jókòó kí ìdí yín kan ẹ̀yìn ìjókòó pátápátá, kí ẹ ti ìró náà bọ ibi tó kòtò lẹ́yìn ìbàdí, lókè ibi tí ẹ ń de bẹ́líìtì ṣòkòtò sí díẹ̀. Bí ẹ bá ti fi síbi tó yẹ, èjìká á fúnra rẹ̀ sún sẹ́yìn. Bó bá ń ti àyà yín síwájú, ó ti ga jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ yọ pọ́ọ̀sì owó kúrò lápò ẹ̀yìn. Wákàtí mẹ́ta lórí pọ́ọ̀sì tó nípọn ti tó láti mú kí itan kan kú tipiri.

Omi àti ìtọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èrò, pàápàá àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin, ti ń ṣe ara wọn léṣe, àánú wọn sì ń ṣe wá gan-an, nítorí ìtìjú ló fà á. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Wọ́n á ti fi ẹnu pa omi láti alẹ́, wọn kò ní mu kíkan títí di Àbújá.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí omi bá dín kù, kíndìnrín á há èyí tó kù mọ́wọ́. Ìtọ̀ á kéré, á pọ́n, á máa ta èèyàn. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìgbẹ́ á le. Kòkòrò àìlèfojúrí sì máa ń wà ní ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ tó ń jáde déédéé ló ń ṣàn wọ́n dànù. Nígbà tí èèyàn bá mú un mọ́ra fún wákàtí mẹ́fà, wọ́n á ráyè gòkè lọ sínú àpò ìtọ̀, wọ́n á sì máa bí sí i níbẹ̀. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè mú wọn. Ẹni tó bá ń jẹ̀rora tó bá ń tọ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò, tó ń lọ léraléra tí kò sì ju ẹ̀kán lọ, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, kó lọ yẹ ìtọ̀ wò nílé ìwòsàn. Àgbo àti oògùn tí wọ́n kàn rà ní kẹ́míìsì láìyẹ̀ ẹ́ wò lè bo ìrora náà mọ́lẹ̀, kí àrùn náà sì gun kíndìnrín lọ.

Omi ni kí ẹ mu, kí ẹ wá ṣètò ìtọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ mu ife omi méjì láàárín oúnjẹ alẹ́ sí àkókò oorun. Ká ní aago 6:30 ni ọkọ̀ máa ṣí: bí ẹ bá ti jí ní aago 4:30, ẹ mu omi ọ̀rá kan, ìyẹn 50 cl, lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí èèyàn dà sínú tó ṣófo máa ń di ìtọ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì, nítorí náà nílé àti ní gáréèjì ni èyí máa jáde. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ tún tọ̀ ní gáréèjì nígbà tó bá ku èrò kan tàbí méjì kí ọkọ̀ kún, kódà bí kò bá gbọ̀n yín.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ṣí, ẹ má gbé omi mu gbàdà mọ́. Ẹnu kan tàbí méjì ni kí ẹ máa mu ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Omi díẹ̀díẹ̀ máa ń ráyè wọ ara, èyí tí èèyàn dà mì lẹ́ẹ̀kan ni í sáré lọ sí àpò ìtọ̀. Ọ̀rá kan á tó wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù. Bí oòrùn bá mú, tí fèrèsé ni ẹ ṣí, ọ̀rá kan kò ní ju wákàtí méjì. Ìtọ̀ yín ló máa sọ bóyá ó tó: kó mọ́ bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún sínú omi púpọ̀. Ẹ yẹra fún bíà, kọfí, àwọn ohun mímu alágbára inú agolo, àti obì pẹ̀lú. Èròjà tó ń lé oorun lọ nínú kọfí náà ló wà nínú obì, ó sì ń mú kí ìtọ̀ tètè gbọ̀n èèyàn.

Ní ti omi ọ̀rá tí wọ́n ń gbé sáré bá ọkọ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹ má fi eyín ya á bẹ́ẹ̀ lásán. Inú ọpọ́n omi yìnyín tó ti yọ́ ni ọ̀rá yẹn ti ń bọ̀, gbogbo ọwọ́ tó ti wọ inú ọpọ́n náà láti àárọ̀ ló wà lára rẹ̀. Ẹ nu igun kan pẹ̀lú bébà tó mọ́ kí ẹ tó fi kan ẹnu. Èyí tó dára jù ni kí ẹ ti ra mẹ́fà sílẹ̀ láti ilé.

Ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà wá kù. Gáréèjì ni kí ẹ ti bá a sọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré. "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ó bá wa dúró ní Ọ̀wọ̀ àti Kàbà kí a lè tọ̀ o." Bí ẹ bá rí obìnrin méjì mìíràn tó ń lọ, kí ẹ jọ sọ ọ́ pọ̀. Ohun tí èèyàn mẹ́ta bá jọ bẹ̀ ẹ́ fún níwájú àwọn èrò yòókù ṣòro fún un láti gbàgbé. Ilé epo tàbí ilé oúnjẹ ni kí ó dúró sí. Inú igbó ní ejò, ó ní àfọ́kù ìgò, ó sì lè ní àwọn tí ẹ kò fẹ́ pàdé. Bí kò bá sí ilé ìyàgbẹ́ tó dára, ẹ ró ìró náà lé aṣọ lórí, kí ẹ lóṣòó sẹ́bàá ọkọ̀ níbi tí ẹnì kejì yín ti lè rí yín. Obìnrin kó nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bó bá nù ún láti ẹ̀yìn wá síwájú, kòkòrò ìdí ló ń wọ́ wá sójú ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Omi ọ̀rá tí ẹ lu ní ihò kékeré kan ní igun máa ń ṣàn tín-ín-rín bíi ti ẹ̀rọ, ìdajì rẹ̀ á tó èèyàn méjì.

Ẹsẹ̀

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n láti padà wá sókè, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ bí èèyàn ṣe ń rìn. Bí ẹsẹ̀ bá dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ á rọra sun síbẹ̀, omi á jò jáde kúrò nínú iṣan, ẹsẹ̀ á wú. Ìyẹn kò tíì burú jù. Ẹ̀jẹ̀ tó sun tún lè dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, tó sì gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Láti wákàtí mẹ́rin lọ sókè ni ewu yìí ti ń pọ̀ sí i, yálà nínú ọkọ̀ tàbí nínú bàálù.

Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, láìdìde lórí ìjókòó:

1. Ẹ fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀, kí ẹ gbé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè títí ẹ̀yìn ojúgun á fi fà. Ẹ kà dé mẹ́ta.
2. Ẹ fi ọmọ ìka kanlẹ̀, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ tún kà dé mẹ́ta. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì báyìí ní ìgbà 20.
3. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí ọrùn ẹsẹ̀ po ní ìgbà 10 sápá ọ̀tún, 10 sápá òsì. Ẹ ṣe èkejì.
4. Ẹ fún itan àti ìdí le, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ sì tú u. Ìgbà 10.

Bí ọkọ̀ bá dúró, kí gbogbo yín bọ́ sílẹ̀, kódà ẹni tí ìtọ̀ kò gbọ̀n. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì nínú ọkọ̀, ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ tí rọ́bà rẹ̀ há mọ́ ojúgun, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹ lè tú.

Ewu ẹ̀jẹ̀ dídì ga jù fún aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, ẹni tó sanra púpọ̀, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìpẹ́, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí. Kí àwọn wọ̀nyí béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra. Ó yàtọ̀ sí ìbọ̀sẹ̀ tó há lásán: ọrùn ẹsẹ̀ ló ti ń fún jù, á wá máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹsẹ̀ kí wọ́n tó rà á.

Oúnjẹ

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní ọ̀nà jíjìn, ẹ yí i po: kí ẹ̀kọ àti gúgúrú ṣíwájú, kí iyán dúró de ọjọ́ tí ẹ bá dé. Iyán ní aago márùn-ún àárọ̀ á wúwo sínú títí di ọ̀sán, ẹ̀wà á sì kún inú fún afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà jáde láàárín èrò 14. Ẹ jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ní wákàtí kan sí méjì kí ọkọ̀ tó ṣí: ògì, búrẹ́dì àti ẹyin, tàbí iṣu sísè díẹ̀ tí kò lépo púpọ̀.

Èyí tí ẹ máa gbé dání, kó jẹ́ gbígbẹ. Dòdò Ìkirè, ìpékeré, ẹ̀pà, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn tí ẹ máa fúnra yín bó. Oúnjẹ sísè tó lómi kò yẹ kó kọjá wákàtí méjì láìsí ooru gidi tàbí yìnyín. Bí ojú ọjọ́ bá ti lé ní 32°C, wákàtí kan ni. Nítorí náà mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì tí ẹ gbé láti Iléṣà, ẹ ti jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́. Ẹ tú mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ kó tutù kí ẹ tó dì í. Bí ẹ bá dì í ní gbígbóná sínú ọ̀rá, ó máa làágùn, omi òógùn yẹn ló ń mú un kan.

Ìrẹsì gan-an ní ìyọnu tirẹ̀. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá sùn mọ́jú nínú ìkòkò láìsí nínú fìríìjì, kòkòrò náà á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé sínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa kòkòrò ni, májèlé rẹ̀ wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà ni èébì máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá máa rà lójú ọ̀nà, èyí tó ń ti orí iná bọ̀ níṣojú yín ni kí ẹ rà: àkàrà, àgbàdo sísun, iṣu sísun, bọ̀ọ̀lì. Bàrà olómi (watermelon) àti ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ti gé sílẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún eṣinṣin. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, ibà Lassa máa ń jà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló ń gbé e kiri, nítorí náà ẹ má ra gàárì tí wọ́n tẹ́ sí etí títì láti fi mu. Gàárì tí èèyàn fi omi tútù mu kò tún bá iná pàdé mọ́.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ po ọ̀rá ORS kan sínú omi lítà kan, ìyẹn omi ọ̀rá 50 cl méjì. Bí kò bá sí, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí ẹ gé lórí àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà kan. Ẹ má fojú wọn iyọ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọdé. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹni náà kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn ni.

Èébì lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tí ọkọ̀ máa ń mú bì, ọ̀nà Ìwàràjà sí Ẹ̀fọ̀n ló máa kọ́kọ́ dán an wò, torí òkè àti kọ́nà tó wà níbẹ̀. Etí inú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń yí, ojú tó tẹjú mọ́ fóònù ń sọ pé ara dúró. Ìjà àárín àwọn méjèèjì ló ń di èébì. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ láti Ìwàràjà. Ẹ jókòó síwájú, kí ẹ wo ọ̀nà tó jìnnà jù níwájú, kí ẹ fi orí ti ẹ̀yìn ìjókòó kó má máa mì, kí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ata ilẹ̀ tútù tó tó ìpẹ̀kun àtàǹpàkò, tí wọ́n bá rọra ń jẹ ẹ́, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn promethazine wà ní kẹ́míìsì. Wákàtí kan sí méjì kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n ń lò ó, nítorí bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dúró nínú mọ́. Ó ń kunni lóorun, kí awakọ̀ má lò ó. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ má sì fún ọmọ kankan kó lè sùn kí ẹ ráyè.

Àwọn tí ara wọn gba ìtọ́jú púpọ̀

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, omi ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà. Òùngbẹ, òtútù àti àárẹ̀ ló ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, kí wọ́n sì dí iṣan. Àgbàlagbà lára wọn nílò tó bíi lítà mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ má jẹ́ kó jókòó síbi tí ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lù ú tààrà; ìró yẹn, ẹ fi bo ẹsẹ̀ àti àyà rẹ̀. Kí oògùn ìrora tí dókítà fún un wà lápò rẹ̀, kì í ṣe lápò ẹni tó bá a rìn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìlú ńlá tó kàn. Ẹ má sọ pé ẹ ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹ bá dé.

Alátọ̀gbẹ tó ń lo insulin kó fi omi tútù ṣan fúláàsìkì kékeré, kó da omi náà nù, kó fi aṣọ wé insulin sínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fara kan yìnyín, bó bá dì, ó ti bàjẹ́. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n tó ń làágùn, ẹ fún un ní ìdajì ìgò mínírà tó ní ṣúgà tàbí hóró ṣúgà oníkúùbù mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún fún un bí kò bá tíì rọlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́yìn náà.

Aboyún: láti ọ̀sẹ̀ 14 sí 27 ni ìrìn àjò máa ń rọrùn jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, kó jókòó sílé. Ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì kó gba abẹ́ ikùn, lórí eegun ìbàdí, kí ti òkè gba àárín ọmú méjèèjì. Bẹ́líìtì tó gba orí ikùn lè pa ọmọ lára bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì. Kó mú káàdì ìtọ́jú oyún rẹ̀ dání.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ihò imú àti ètè. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó fi ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ sápò àyà, kó sì lo ìbòmú níbi tí wọ́n bá ti ń tún ọ̀nà ṣe. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 ni ti pàjáwìrì gbogbo.

Bí ẹ bá dé

Ẹ má tíì sùn. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ mu omi, kí ẹ wá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí méjì fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú déédéé, tí kò dunni, máa ń wálẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dùn lẹ́yìn ojúgun, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un. Ọwọ́ tó ń fún un lè já ẹ̀jẹ̀ dídì náà kúrò níbi tó wà. Èémí tó ń kúrú lójijì, tàbí àyà tó ń gún èèyàn bó ṣe ń mí, kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìrìn àjò kí èyí tó yọjú, nígbà tí ẹ ti padà sí Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tí ẹ ti gbàgbé ọ̀nà. Bí ẹ bá lọ rí dókítà láàárín ìgbà yẹn, ẹ sọ fún un pé ẹ jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí 10, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó jẹ́. Bó bá sì jẹ́ ibà ló mú yín, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn ibà.